Ìṣirò àti ìrònú nínú ìdánwò ìgbanisíṣẹ́: ṣé fọ́múlà ni kí n há, àbí kí n ṣáà máa ṣe ìbéèrè?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ni mò ń múra sílẹ̀ fún, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èrò máa ń du àyè díẹ̀. Ìbéèrè 60 ní ìṣẹ́jú 60, a ò sì gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ ìṣirò wọlé. Mo ti há fọ́múlà títí orí ń fọ́ mi. Mo ti ṣe ìbéèrè àwọn ọdún tó kọjá ní orí kọ̀ọ̀kan, láti ìdá ọgọ́rùn-ún dé eré ọkọ̀ àti àkókò, mo sì máa ń gbà wọ́n. Àmọ́ tí mo bá jókòó ti ìdánwò àdánrawò tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí, ọwọ́ mi á kàn lọ́ra ni. Aago á lù, ìbéèrè bíi 20 á ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fojú kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣe ìlọ́po méjì ohun tí mò ń ṣe. Òmíràn ní ìṣirò kì í ṣe ti gbogbo èèyàn, kí n wá nǹkan mìíràn ṣe. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Àbúrò mi, má gbọ́ ti ẹnì kejì yẹn rárá. Ti ẹnì àkọ́kọ́, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé.

Wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Orí kọ̀ọ̀kan lò ń ṣe, o sì ń gbà á. Tí o bá ṣí orí ìdá ọgọ́rùn-ún, kí o tó ka ìbéèrè kankan lo ti mọ ohun tí wàá ṣe. Fọ́múlà ti wà lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ tó kù ò ju pé kí o fi nọ́ńbà sí àyè wọn. Nínú yàrá ìdánwò, kò sí àkọlé kankan lókè ìbéèrè. Èyí àkọ́kọ́ á ní ọkọ̀ méjì ń bọ̀ wá pàdé ara wọn, èyí tó tẹ̀ lé e á ní tí gbogbo A bá jẹ́ B, ẹ̀kẹta á ní páìpù méjì ń rọ omi sínú táǹkì. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ dá a mọ̀ pé irú kí ni eléyìí, pé báwo ni wọ́n ṣe ń tú u. Dídá a mọ̀ yẹn lo ò fi dánra wò rí, ibẹ̀ gan-an sì ni àkókò rẹ ń bá lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ. Lọ́dún 2007, Doug Rohrer àti Kelli Taylor gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n àyè inú (fólúùmù) oríṣi ohun mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kan ń ṣe irú ìbéèrè kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Ìbéèrè kan náà ni ẹgbẹ́ kejì ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n dà á pọ̀ mọ́ra. Lásìkò ìdánrawò, àwọn tó ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 89 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó dà á pọ̀ gba 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fún gbogbo wọn ní ìdánwò. Àwọn tó dà á pọ̀ gba 63. Àwọn tó ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan já wálẹ̀ sí 20.

Nítorí náà, ìrọ̀rùn tí ò ń rí nílé yẹn ń tàn ọ́ jẹ ni. Ṣe orí kan títí yóò fi yé ọ, lẹ́yìn ìyẹn má padà sí orí yẹn mọ́ gẹ́gẹ́ bí orí. Gé ìbéèrè sí pélébé pélébé, tàbí kí o ní kí ẹlòmíì bá ọ mú wọn láti oríṣiríṣi ojú ìwé, kí o má mọ ibi tí èyí tó ń bọ̀ ti wá.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé kò sí ohun tó ń mú èèyàn yege ju ọ̀nà àbùjá lọ, pé ẹni tó bá lẹ́mìí àtikẹ́kọ̀ọ́ ìdí nǹkan kò mọ̀ pé aago ń lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nìyẹn, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Ìdajì rẹ̀ ni èmi fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tí gbogbo wa mọ̀. Iye owó ọjà kan gòkè ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà ó tún wálẹ̀ ní ìdá 20. Kí ni ó yí padà sí? Ẹni tó bá kánjú á ní kò yí padà. Ẹni tó mọ àbùjá á ní: sọ 20 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, fi 100 pín in, ó jẹ́ 4, a pàdánù ìdá 4. Ó gbà á, ó sì yára. Ẹ wá yí ìbéèrè náà díẹ̀: ọjà gòkè ní ìdá 25, ìdá mélòó ni kó fi wálẹ̀ kó tó padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀? Àbùjá yẹn ti kú sí i lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ pé ìdá kejì kì í ṣe lára iye àkọ́kọ́ mọ́, pé lára iye tuntun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, á fi 100 dípò iye àkọ́kọ́. Ó di 125. Ó ní láti pàdánù 25 lára 125, ìyẹn ìdá kan nínú 5, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò ju ìlà méjì lọ.

Ẹ rí i pé ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kì í ṣe fọ́múlà. Mo mú nọ́ńbà tó rọrùn, mo sì rìn ín já. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń múra sílẹ̀ mọ̀ dunjú ju àbùjá ogójì lọ. Ọkọ̀ sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó ń lọ, ó sá 40 nígbà tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà: kí ni ìpíndọ́gba eré rẹ̀? Ìdáhùn 50 máa ń wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n bá gbé kalẹ̀, ìdẹkùn ni. Sọ pé ọ̀nà náà jẹ́ 120 kìlómítà. Lílọ gba wákàtí 2, bíbọ̀ gba wákàtí 3. 240 kìlómítà ní wákàtí 5, ó jẹ́ 48. Ọkọ̀ náà pẹ́ lórí eré tó lọ́ra ju èyí tó yára lọ, ìyẹn ló fà á tí ìpíndọ́gba fi rọ̀ sápá 40.

Obìnrin kan tí mo bá dánra wò máa ń bẹ̀rù ìbéèrè iṣẹ́ àti ọjọ́. Ẹni kan lè parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 6, ẹnìkejì ní ọjọ́ 12, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi ṣe é pọ̀? Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó fi 1 lé orí 6, kó fi 1 lé orí 12, kó ro wọ́n pọ̀, kó wá yí i padà. Tó bá dé ibi yíyí i padà báyìí, ó máa ń gbàgbé, á sì mú ìdáhùn tó kéré jù láàárín àwọn mẹ́rin. Mo ní kó gbàgbé ìdá. Kó sọ pé odindi iṣẹ́ náà jẹ́ bíríkì 12. Ẹni àkọ́kọ́ ń to 2 lójúmọ́, ẹnìkejì ń to 1. Àwọn méjèèjì ń to 3. Bíríkì 12, ọjọ́ 4. Ó wo ìwé náà, ó tún un wò, ó ní: “Ṣé kò ju báyìí lọ ni?” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù àti táǹkì, ẹ̀rọ méjì, akọ̀wé méjì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn: wá nọ́ńbà tí gbogbo ọjọ́ tàbí wákàtí wọn lè pín láìṣẹ́kù, kí o sọ ọ́ di odindi iṣẹ́.

Àbùjá tí mo fara mọ́ láìjiyàn ni ti ìṣirò gan-an, nítorí kì í tan èèyàn. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ti 50 kan náà ni ìdá 50 ti 18, ìyẹn 9. 47 × 99 jẹ́ 4,700 dín 47, ó jẹ́ 4,653. Nọ́ńbà tó bá parí sí 5, bíi 65 × 65: sọ 6 di púpọ̀ pẹ̀lú 7, ó jẹ́ 42, fi 25 sí ẹ̀yìn rẹ̀, 4,225. Kọ́ wọn, lò wọ́n lójoojúmọ́.

* * *

Òmíràn ní tébù ìsọdipúpọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọmọdé, pé àgbà ò gbọdọ̀ tún jókòó ti í. Mi ò gbà. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ ìṣirò, há a dé 20. Há gbogbo nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ láti 1 dé 25. Há àwọn ìdá tó máa ń yọjú: ìdá kan nínú 8 jẹ́ 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá kan nínú 6 sún mọ́ 16.67, ìdá kan nínú 7 sún mọ́ 14.29. Orí èèyàn kì í gbé ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wá 17 × 6 kiri láàárín ìbéèrè onílà mẹ́rin, kó tó rí i, á ti gbàgbé ohun tí wọ́n bi í.

* * *

Mo rí i pé ìṣirò ni gbogbo wa ń sọ, a ti pa ìrònú tì. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé apá yẹn ò ní ẹ̀kọ́, pé ẹni tórí rẹ̀ bá pé á ṣáà mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, níbẹ̀ ni máàkì ti ń jábọ́ jù.

Gbogbo dókítà ló kàwé. Àwọn kan lára àwọn tó kàwé jẹ́ olórin. Ṣé ó wá já sí pé àwọn dókítà kan jẹ́ olórin? Èèyàn á yára sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí a mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn ò bi wá bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi wá bóyá dandan ni. Ya róbótó ńlá fún àwọn tó kàwé, kí o ya kékeré fún àwọn dókítà sínú rẹ̀. Wá ya ti àwọn olórin, kí ó gé wọ inú róbótó ńlá láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó má kan kékeré yẹn. Ṣé o rú ohunkóhun tí wọ́n sọ? O ò rú nǹkan kan. Ó ti tán nìyẹn, kò já sí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó máa ba ìparí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ni kí o máa wá. Tó o bá wá a títí tí o kò rí i, ìgbà náà ni kí o gbà pé ó já sí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá àwòrán tó máa gbè é, wọ́n á sì rí i nígbà gbogbo.

Tún fi èyí sọ́kàn: nínú irú ìbéèrè yìí, “àwọn kan” lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn. Ohun tí a bá fún ọ pé ó jẹ́ òótọ́, òótọ́ ni títí tí wàá fi parí ìbéèrè náà. Kódà kí wọ́n sọ pé gbogbo òkúta ń fò, gbà á fún wọn.

Lọ́dún 1966, Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìdánwò kan jáde tí mo máa ń fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi. Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì: E, K, 4, 7. Lẹ́tà wà lójú kan, nọ́ńbà wà lójú kejì. Òfin náà ni pé tí fáwẹ́lì bá wà lójú kan, nọ́ńbà tí 2 lè pín láìṣẹ́kù ló gbọ́dọ̀ wà lójú kejì. Èwo ni kí a yí padà ká lè mọ̀ bóyá òfin náà dúró? Ọ̀pọ̀ jù lọ á mú E àti 4, tàbí E nìkan. E àti 7 ni. Ohun yòówù kó wà lẹ́yìn 4, kò ba òfin náà jẹ́, nítorí òfin ò sọ pé fáwẹ́lì nìkan ló lè ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí fáwẹ́lì bá lọ wà lẹ́yìn 7, òfin ti fọ́. Ẹni tí èyí bá yé ti gba máàkì tó pọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, nítorí “tí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn á rí bẹ́ẹ̀” ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà. Ohun kan ṣoṣo ló já sí ní ìyípadà: tí ìyẹn ò bá rí bẹ́ẹ̀, èyí náà ò lè rí bẹ́ẹ̀. Má gbà kí wọ́n fi ọ̀nà méjì yòókù tàn ọ́: pé tí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, èyí náà á rí bẹ́ẹ̀, tàbí pé tí èyí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà ò ní rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹnì kan bínú sí ìbéèrè ìtò nọ́ńbà. Ó ní wọ́n fún òun ní 1, 2, 4, 8, 16, òun kọ 32, ẹnì kan sì sọ fún un pé ó lè jẹ́ 31. Ó ní irú ìbéèrè báyìí ò yẹ kó wà.

Ẹni tó sọ pé 31 kò parọ́. Fi àmì sí etí róbótó kan, fa ìlà láti àmì kọ̀ọ̀kan dé gbogbo ìyókù, ṣọ́ra kí ìlà mẹ́ta má pàdé lójú kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí o sì ka iye àyè tí róbótó náà pín sí. Àmì 1, àyè 1. Àmì 2, àyè 2. Àmì 3, àyè 4. Àmì 4, àyè 8. Àmì 5, àyè 16. Tí ó bá di àmì 6, àyè 31 ni wàá kà, kì í ṣe 32. Ya á kí o fojú ara rẹ rí i. Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú rẹ pé nọ́ńbà díẹ̀ kì í sọ òfin kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹni tó ń ṣètò ìdánwò kò retí róbótó lọ́wọ́ rẹ. Òfin tó rọrùn jù tó sì gba gbogbo nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ ló ń béèrè, ìdáhùn mẹ́rin tó gbé kalẹ̀ á sì máa sọ fún ọ ibi tó ń lọ.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo kọ́kọ́ wo ìyàtọ̀ àárín wọn: 2, 6, 12, 20, 30, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4, 6, 8, 10, èyí tó ń bọ̀ jẹ́ 12, ìdáhùn 42. Tí ìyàtọ̀ náà bá ń di ìlọ́po méjì, bíi 3, 5, 9, 17, 33, ó ń lọ sí 65. Tí nọ́ńbà bá ń gòkè tó tún ń wálẹ̀, ìtò méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra, kà á ní fífo ọ̀kan sílẹ̀. Tí kò bá sí lára ìwọ̀nyí láàárín ìṣẹ́jú kan, fi sílẹ̀, máa lọ. Kò sí máàkì tó ju ara rẹ̀ lọ níbẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìdáhùn tí a kò mọ̀ wá kan. Ẹ̀yin kan ní kéèyàn má ṣe fọwọ́ kan ohun tí kò dá a lójú, ẹ̀yin kan ní kó kun gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, ìṣirò kúkú ni a wá ṣe.

Ìdáhùn mẹ́rin ni, máàkì 1 fún èyí tó tọ̀nà. Tí wọn ò bá ń yọ máàkì fún àṣìṣe, má fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìkùn. Tí wọ́n bá ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan: nínú ìbéèrè 4 tí o fọwọ́ lé láìmọ̀, fojú sọ́nà pé wàá gba 1, wàá ṣi 3. 1 dín mẹ́ta nínú mẹ́rin, èrè ṣì ń kù fún ọ. Tí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì ni wọ́n ń yọ, 1 dín 1, òfo ni. Kò dára, kò burú, àkókò nìkan lo pàdánù. Ṣùgbọ́n tí o bá lè lé ẹyọ ìdáhùn kan dànù kí o tó mú, ó ti di 1 nínú 3: o gba 1, o ṣi 2, 1 dín ìdá méjì nínú mẹ́ta, èrè ti dé. Tí ó bá jẹ́ ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ, má mú u àyàfi tí o bá ti lé méjì dànù. Nítorí náà, kò sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo ìdánwò mu. Ka ìlànà tìrẹ kí o tó wọlé, kì í ṣe lórí àga.

Lílé ìdáhùn dànù náà ní bí wọ́n ṣe ń dánra wò ó. 347 × 68. Wọ́n fún ọ ní 23,594, 20,396, 25,696, 23,596. 7 × 8 jẹ́ 56, ìdáhùn gbọ́dọ̀ parí sí 6, àkọ́kọ́ ti lọ. 350 × 70 jẹ́ 24,500, nọ́ńbà tiwa sì kéré díẹ̀ sí i, nítorí náà 25,696 ti lọ, 20,396 sì ti jìnnà jù. Ó ku ọ̀kan. O ò tíì ṣírò ohunkóhun tán.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan tó dàgbà jù mí lọ fèsì pé kí ni páìpù àti táǹkì fẹ́ ṣe fún ẹni tó máa jókòó sí ọ́fíìsì, pé ìdánwò báyìí ń rẹ́ èèyàn jẹ. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, mi ò sì ní jà yín níyàn tán. Ìdánwò yìí kì í sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa pátápátá. Ó ń dín èrò kù ni, nítorí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kò lè fọ̀rọ̀ wá gbogbo èèyàn lẹ́nu wò. Ẹni tí kò yege kò gbọdọ̀ gbà pé òmùgọ̀ ni òun. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ronú níbẹ̀ ni kò tíì mọ̀ ọ́n lára, èyí tó ṣeé kọ́ sì ni. Ìyẹn ló ń mú mi bínú sí ọ̀rẹ́ tó sọ fún àbúrò wa pé ìṣirò kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé ẹni tó lè ṣe é kúrò nídìí ìwé.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá o. Ó ní òun ti da ìbéèrè pọ̀ bí mo ṣe sọ, máàkì òun sì já wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn òun ò balẹ̀ mọ́.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wo nọ́ńbà tí mo kọ lókè: 60 ní ìdánrawò, 63 ní ìdánwò. Máàkì tó já wálẹ̀ yẹn ni òtítọ́ nípa ibi tó o wà. Má padà sí orí kọ̀ọ̀kan nítorí pé ó dùn ún ṣe.

Ní ìwé kan fún àwọn ìbéèrè tó o ṣì. Má kọ ìdáhùn sí i. Kọ ìbéèrè náà, kí o wá kọ ìlà kan nípa ohun tó fà á: “mo pe é ní ìbéèrè ìdá ọgọ́rùn-ún, ìpín ni”, “mo mọ̀ ọ́n, mo ka 6 sí 9”, “mo mọ̀ ọ́n, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta”. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wàá rí i pé àwọn ohun díẹ̀ kan náà ló ń ba máàkì rẹ jẹ́, wọn kì í sì í sábà jẹ́ ìṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, bo gbogbo rẹ̀, tún ìbéèrè náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Má kàn máa ka àlàyé rẹ̀. Roediger àti Karpicke fi èyí hàn ní 2006: àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó fi ìdánwò bi ara wọn ló rántí jù.

Ti àkókò: ìbéèrè 60 ní ìṣẹ́jú 60 kò túmọ̀ sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gbọ́dọ̀ gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 kí àwọn mìíràn lè rí ìṣẹ́jú méjì. Lọ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, mú gbogbo èyí tí o dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀, fi àmì sí èyí tó o mọ̀ àmọ́ tó gùn, fo èyí tí kò yé ọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ní àmì. Ti ìjókòó yíká tábìlì, níbi tí ìtàn kan ti ní ìbéèrè márùn-ún lábẹ́, má sá fún un: àwòrán kan péré lo máa yà, ó sì lè fún ọ ní máàkì márùn-ún. Àmọ́ tí o bá yà á lẹ́ẹ̀mejì tí kò tò, dìde kúrò níbẹ̀.

Ó bi mí bóyá kí òun ṣì máa lo aago báyìí. Rárá, kò tíì tó àkókò. Kọ́kọ́ fi ẹ̀sọ̀ ṣe é títí wàá fi máa dá irú ìbéèrè mọ̀ láìṣiyèméjì, lẹ́yìn náà kí o gbé aago sí i.

Mo fi márùn-ún sílẹ̀ fún ọ. Má tíì ṣírò ìkankan. Kọ irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti ohun àkọ́kọ́ tí wàá ṣe sí i, ìlà kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi ránṣẹ́.

Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí èèyàn 5 jẹ́ 30, ẹnì kan dara pọ̀ mọ́ wọn, ó di 32: ọmọ ọdún mélòó ni ẹni tuntun? 7, 10, 8, 11, 9, 12, kí ló kàn? Kò sí A kankan tó jẹ́ B, gbogbo C jẹ́ B: kí ni a lè sọ nípa A àti C? Ọdún tí kò ní ọjọ́ 29 nínú oṣù kejì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé: ọjọ́ wo ni ọdún tó tẹ̀ lé e máa bẹ̀rẹ̀? Aago lu 3:15: igun wo ló wà láàárín ọwọ́ méjèèjì? Ti aago yẹn, má sáré kọ òdo, ọwọ́ kékeré ti rìn díẹ̀ kúrò lórí 3.